Ibà ọmọ mi di ọjọ́ 11, kò sì ṣeré mọ́: ẹ̀yin òbí Abẹ́òkúta, ẹ gbà mí o

Ìyá Ọbáńtokò, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Oorun ò wá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ọmọbìnrin mi pé ọdún 2 àti oṣù 3. Ara rẹ̀ ti ń gbóná, ó di ọjọ́ 11 lónìí. Kì í ṣe ibà tó ń jó bí iná o. Á lọ láàárọ̀, á padà wá nírọ̀lẹ́. A ti lo oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kò gbọ́. Níbì kan tí kò jìnnà sí wa, wọ́n ní tífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kejì abẹ́rẹ́ yẹn ó dà bí ẹni pé ara fẹ́ fúyẹ́, mo tiẹ̀ ti ń dúpẹ́, àfi bó tún ṣe dé.

Ó ń bì láàárọ̀ kó tó fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó ti rù débi pé bùbá tí mo rán fún un lóṣù tó kọjá ń yọ́ bọ́ léjìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé kò ṣeré mọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé agbada kalẹ̀, á ti jókòó sínú rẹ̀! Ní báyìí, á kàn fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ mi, kò ní wo ẹnikẹ́ni. Tí mo bá gbé e, á ké bí ẹni pé mo fún un ní èékánná. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù. Eyín wo? Eyín 16 ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ta ló ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀wọ́?

Bàbá Ìbejì Aṣèrò, 10:50 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ. Ṣé wọ́n gún ọmọ níka kí wọ́n tó ní ibà ni, àbí ojú lásán ni wọ́n fi wò ó?

Ìyá Ọbáńtokò, 10:53 alẹ́

Wọ́n gún un níka, sà. Wọ́n ní àyẹ̀wò ò gbé ibà jáde, pé ká sáà lo oògùn náà, pé ọmọ Nàìjíríà wo ni kò ní ibà lára.

Bàbá Ìbejì Aṣèrò, 10:54 alẹ́

Hmm.

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 11:05 alẹ́

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọdún tí mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé pọ̀ ju èyí tí mo lò nílé ọkọ lọ. Dá mi lóhùn kí o tó sùn. Ta ló ń húkọ́ nínú ilé yín, tàbí ẹni tó ń wá gbé ọmọ náà lójoojúmọ́? Ṣé àpá abẹ́rẹ́ ọmọ tuntun wà ní apá òsì rẹ̀ lókè? Ìwúwo rẹ̀ mélòó ni wọ́n kọ sínú káàdì kẹ́yìn? Ìkẹrin, tí ọmọ bá ṣì lajú: gbé e jókòó, na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, kí o ju bísíkíìtì kan sáàárín itan rẹ̀. Wo bó ṣe máa mú un. Má sọ fún un pé kó tẹrí ba o, kàn wò ó.

Ìyá Ọbáńtokò, 11:31 alẹ́

Mà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ju bísíkíìtì náà síbẹ̀. Kò tẹrí ba rárá. Ojú nìkan ló rọra sọ̀ kalẹ̀, orí wà lókè gan-an bí ẹni tó ru garawa omi. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ tá kiri títí ọwọ́ fi kàn án, ó mú un, kò jẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àpá wà ní apá òsì rẹ̀. Ìwúwo: kìlógíráàmù 11 lóṣù méjì sẹ́yìn. Wọ́n wọ̀n ọ́n níbi tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́, 9 ààbọ̀. Ẹni tó ń húkọ́ ni ìyá ọkọ mi. Wọ́n ti wà lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí oṣù márùn-ún, ikọ́ náà sì bá wọn wá. Wọ́n ní òtútù ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ ń sùn.

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 11:40 alẹ́

Má sùn mọ́. Jí ọkọ rẹ. Ọmọ tí kò lè tẹrí ba wo itan ara rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ ti ń gan nìyẹn. Ṣé ọmọ náà ń dáhùn tí o bá pe orúkọ rẹ̀? Tí ó bá ń dáhùn tó sì ń mì nǹkan, tí ẹ kò sì rí ọkọ̀ lóru yìí, ẹ jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tí ó bá ti ń ṣòro láti jí i, tàbí gìrì mú un, tàbí ojú rẹ̀ kan yà, òru yìí náà ni kẹ́ ẹ lọ. Ibi tí dókítà àwọn ọmọdé wà ni kẹ́ ẹ lọ o, ìbáà ṣe Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, ìbáà ṣe Ọsibítù Ìjọba ní Ìjàyè. Ẹ má padà síbi abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún.

Ohun tí mò ń rò rèé, dókítà ló máa sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ikọ́ ife lè gun orí. Àgbà tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró á wú u sínú afẹ́fẹ́, ọmọ á fà á símú. Lára àgbà, ara lè ti kòkòrò náà mọ́lé fún ogún ọdún. Ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò mọ ìlẹ̀kùn ún tì. Kòkòrò á gba inú ẹ̀jẹ̀ gòkè, á ṣe kókó kékeré sí ẹ̀bá àwọ̀ tó bo ọpọlọ. Ọjọ́ tí kókó yẹn bá bẹ́ sínú omi tó yí ọpọlọ ká ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ oṣù 3 sí 6 lẹ́yìn tí ọmọ fà á símú. Ìwọ ka oṣù tí màmá ti wà lọ́dọ̀ yín.

Yírùnyírùn tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, èyí tó ń jà ní apá Àríwá, eré ló ń sá: ibà lónìí, ọrùn gan lọ́la. Eléyìí ń rákò ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ibà kékeré, ọmọ ń bì, ó ń rù, kò fẹ́ ṣeré. Kò sí dókítà tó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kejì, ẹ má jẹ́ ká parọ́. Àmọ́ tí irú ibà bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ márùn-ún, tí ẹni tó ń húkọ́ sì wà nílé, ó yẹ kí ẹnìkan ti ronú kàn án.

Tí ẹ bá débẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kí wọ́n tó bi ọ́: ọjọ́ mélòó, ìwúwo tó fi sọ̀ kalẹ̀, ta ló ń húkọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá tí kò sùn kì í rántí.

Ìyá Àgbà Ìbèrèkódò, 11:58 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan ni ẹ fi ń dẹ́rù ba ara yín. Àìsàn tí ọrùn ọmọ ń gan, gìrì ló fẹ́ dé yẹn. Ẹ ro àgbo, ẹ wá ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti ewé tábà sí, ẹ fún un ní síbí kan. Mi ò ní kí ẹ má gbé e lọ ọsibítù o, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn ná.

Onífámásì Pánṣẹ́kẹ́, 12:06 òru

Ìyá àgbà, ẹ máa bínú sí mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìtọ̀ màlúù yẹn, ewé tábà inú rẹ̀ nìkan tó láti mú ọmọ dákú. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń mú kí mímí rẹ̀ falẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ti ara rẹ̀ kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àhesọ. Gbogbo ọsibítù ńlá ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n.

Tí gìrì bá mú ọmọ: ẹ gbé e sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yáná, ẹ má ro ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọmọ tí kò mọ ara rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí ẹ bá rò sí i lẹ́nu ń gbà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kápúsù lọ́wọ́ wa láìní ìwé, èyí tó kàn yín rèé. Oògùn tí ọmọ yìí ti gbà fún ọjọ́ márùn-ún lè da ojú àyẹ̀wò rú fún dókítà. Ẹ kó páálí gbogbo rẹ̀ dání lọ, kódà bó bá jẹ́ páálí òfìfo.

Ìyá Àgbà Ìbèrèkódò, 12:15 òru

Mo ti gbọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ. Mo ti kúnlẹ̀ àdúrà.

Aládìrẹ Ìtòkú, 5:20 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ìyá Ọbáńtokò, ẹ ti lọ àbí ẹ ṣì wà nílé? Mo ní ìtàn kan, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kà á nígbà tẹ́ ẹ bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tẹ́ ẹ ń retí dókítà.

Ọmọkùnrin mi ṣe é ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi mẹ́ta la dé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, ó gbà wá ní ọjọ́ 19. Níbì kan wọ́n ní ibà ni, níbòmíràn wọ́n ní eyín ni, níbi kẹta wọ́n ní aràn ni. Ẹni tó wá já a ni ẹni tó ya fọ́tò. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ la lọ yà. Ọkùnrin náà ní, "Mọ̀dáámù, ẹ jẹ́ kó wo iwájú." Ó ya á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú ọ̀tún ń wo kámẹ́rà, ojú òsì ti yà sọ́dọ̀ imú. Mo gbé fọ́tò náà sọ́wọ́, mo gbé ti oṣù tó ṣáájú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Ẹ wo fọ́tò ọmọ yín nínú fóònù, ẹ fi ti oṣù tó kọjá wé ti àná. Àwa tá à ń rí wọn lójoojúmọ́ kì í mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín gan-an ni omi ẹ̀yìn. Wọ́n máa ní àwọn fẹ́ fa omi díẹ̀ ní ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ. Ọkọ mi kọ̀ fún ọjọ́ méjì. Àwọn ará ilé ní ọmọ tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn rẹ̀, á yarọ. Ní ọjọ́ méjì yẹn ni ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló rọ ọ́, wọn ò tíì gún un! Mo ń tún un sọ kó lè yé yín: kí wọ́n tó gún un ló ti ń rọ.

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 6:02 àárọ̀

Ó ṣeun, Aládìrẹ. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ibi tí wọ́n ń gún wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, lọ́gangan egungun ìbàdí. Okùn tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ ti parí sókè ibẹ̀. Omi lásán ló wà níbẹ̀. Tí dókítà bá fura pé omi ti ń ti ọpọlọ jù, ó lè kọ́kọ́ ní kí wọ́n ya àwòrán orí. Ìyẹn jẹ́ ìṣọ́ra, ẹ má bínú sí i.

Ẹ má sì rò pé omi tó mọ́ gaara túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan. Omi yírùnyírùn tó ń sáré ló máa ń dà bí omi ọ̀gì. Ti ikọ́ ife sábà máa ń mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti ń rí i: ṣúgà inú rẹ̀ kéré, purotéènì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun irú kan pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á tún kó o sínú ẹ̀rọ GeneXpert. Tí ẹ̀rọ bá rí kòkòrò, ó parí. Tí kò bá rí i, kò tíì parí o! Kòkòrò inú omi yẹn kì í pọ̀, ẹ̀rọ sì lè máà bá a pàdé. Dókítà tó mọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ oògùn lórí ohun tó fojú rí, kò ní dúró de ẹ̀rọ.

Aládìrẹ Ìtòkú, 6:10 àárọ̀

Bó ṣe rí fún wa nìyẹn. Ẹ̀rọ ní kò sí. Dókítà obìnrin kan, kékeré báyìí, ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí. Mo bi í pé tó bá wá jẹ́ pé kì í ṣe é ńkọ́? Ó ní, "Mà, tí mo bá fún un tí kì í sì í ṣe é, a lè dá a dúró. Tí mi ò bá fún un tó sì jẹ́ òun, kò sí ohun tí mo lè dá padà." Mi ò lè gbàgbé.

Ìyá Ọbáńtokò, 2:17 ọ̀sán

A ti wà ní ọsibítù. Wọ́n gbà wá sí wọ́ọ̀dù. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nígbà tí wọ́n ní omi ẹ̀yìn. Wọ́n gbà á ní aago 11. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹkún rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ tó jáde lọ. Omi náà mọ́, Mà, bí ẹ ṣe sọ ọ́. Wọ́n ya àyà rẹ̀, wọ́n ní òjìji kan wà ní apá ọ̀tún. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò HIV fún èmi àtòun, wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, a ò ní in.

Oògùn máa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Hóró mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ní ó wà fún wíwú ọpọlọ. Wọ́n ní oṣù 12. Oṣù 12! Fún ọmọ ọdún méjì!

Akọ́ṣẹ́ Ìtọ́jú Ikọ́ Ife, Láfẹ́nwá, 4:30 ọ̀sán

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ọmọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe rèé, ẹ jẹ́ kí n la oṣù 12 náà fún yín. Oṣù méjì àkọ́kọ́, oògùn mẹ́rin: isoniazid, rifampicin, pyrazinamide, ethambutol. Oṣù mẹ́wàá tó kù, méjì péré: isoniazid àti rifampicin. Àjọ Ìlera Àgbáyé tún fọwọ́ sí ètò olóṣù 6 kan lọ́dún 2022 fún àwọn ọmọ tó ní irú èyí, tí wọ́n fi ethionamide rọ́pò ethambutol, ṣùgbọ́n èyí tí dókítà yín bá mú ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má pa ètò méjì pọ̀ nítorí ẹni tó sọ nǹkan lórí fóònù, tó fi mọ́ èmi.

Oògùn ikọ́ ife fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀dì, àwòrán orí àti abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ fi owó pamọ́ de ìyẹn.

Hóró ọmọdé ń yọ́ nínú omi, ó ní adùn èso. Ẹ fi í sínú ife omi kékeré, tó bí ìdajì ife tíì, ẹ rò ó, kó mu ún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tún fi omi díẹ̀ ṣan ife náà, kó mu ìyẹn pẹ̀lú. Àárọ̀ kó tó jẹun ló dára jù. Ìwúwo ọmọ ni wọ́n ń fi ka iye hóró, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Bó bá ṣe ń sanra, hóró ń pọ̀ sí i, ẹ rí i pé wọ́n wọ̀n ọ́n nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ béèrè fítámì B6, torí isoniazid máa ń jẹ ẹ́ lára ọmọ.

Ìtọ̀ rẹ̀ máa pupa bí omi zobo. Omijé náà lè pupa. Ẹ má pariwo, rifampicin ni. Ohun tẹ́ ẹ máa pariwo lé lórí ni ojú tó pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, èébì tí kò dúró, tàbí ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn jù. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ padà lọ.

Aládìrẹ Ìtòkú, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Abẹ́rẹ́ wíwú ọpọlọ yẹn, wọ́n máa yí i sí hóró tó bá yá. Bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ebi á máa pa ọmọ yín bí ẹni tó ti oko dé. Tèmi ń jí ní aago mẹ́ta òru, ó ń béèrè láfún. Ojú rẹ̀ wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí ti àgbà olóyè, a ń rẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́. Ó lọ nígbà tí oògùn náà parí.

Tí ẹ bá rí i pé ara rẹ̀ tún gbóná ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má dá oògùn dúró. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa, mo rò pé oògùn ò ṣiṣẹ́.

Ọmọ Líṣàbí, 7:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ tó ń dá àpá sí apá òsì, ṣé ó tún lè ní i? Ọmọ tuntun wa pé ọ̀sẹ̀ 3, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn fún ti BCG.

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 8:20 alẹ́

Ó lè ní i, àmọ́ kò wọ́pọ̀ tó ti ọmọ tí kò gbà á. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń lo BCG, kò sì dáàbò bo àgbà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn jù ni lára ọmọdé, láti dènà irú èyí tó ń gun orí àti èyí tó ń tàn káàkiri ara.

Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ padà wá ni pé ìgò kan jẹ́ ti ọmọ 20. Tí wọ́n bá ti ṣí i, láàárín wákàtí 6 ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tàbí kí wọ́n dà á nù. Nọ́ọ̀sì kì í fẹ́ ṣí ìgò nítorí ọmọ kan, mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di oṣù kejì. Ẹ béèrè ọjọ́ náà gan-an, ẹ tètè débẹ̀.

Ìyá Ọbáńtokò, ọjọ́ kẹrin, 9:10 alẹ́

Ìyá ọkọ mi ń sunkún. Ọsibítù ní kí wọ́n mú itọ́ wá, kòkòrò sì wà nínú rẹ̀. Màmá ní àwọn làwọn pa ọmọ ọmọ àwọn. Wọn ò jẹun lónìí. Ẹnìkan nínú ilé ti ń sọ pé kí wọ́n padà sí abúlé, kí n ya abọ́ àti síbí wọn sọ́tọ̀. Kí ni mo máa ṣe?

Akọ́ṣẹ́ Ìtọ́jú Ikọ́ Ife, Láfẹ́nwá, 9:25 alẹ́

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Abúlé ni oògùn wọn á ti já, ikọ́ á sì tún ran ọmọ ẹlòmíràn. Abọ́ kì í ran ikọ́ ife, síbí kì í ràn án. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Ẹ ṣí fèrèsé yàrá wọn, kí wọ́n máa fi aṣọ bo ẹnu tí wọ́n bá ń húkọ́, kí ọmọ sùn lọ́dọ̀ yín ná. Bí ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá ti ń lo oògùn tó bá kòkòrò náà mu, ìràn náà á ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ọmọ yín ò lè ran ẹlòmíràn bí ìyẹn. Ọmọ kékeré kì í sábà wú kòkòrò jáde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ mìíràn wà nílé?

Ìyá Ọbáńtokò, 9:31 alẹ́

Ọkùnrin, ọdún mẹ́rin. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń fò.

Akọ́ṣẹ́ Ìtọ́jú Ikọ́ Ife, Láfẹ́nwá, 9:34 alẹ́

Ẹ mú un wá lọ́la. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó ń gbé pẹ̀lú ẹni tó ní in, a máa yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá ní in, á lo oògùn ìdènà. Èyí olóṣù 3 wà, isoniazid pọ̀ mọ́ rifampicin, tàbí isoniazid nìkan fún oṣù 6. Òun ló bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí jù lọ, torí ọmọ tó ń fò, ta ló fẹ́ fún un lóògùn?

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 10:00 alẹ́

Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé èmi tí mo dàgbà jù wọ́n lọ bóyá, mo ní wọn ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ló húkọ́ sí àwọn náà. Ṣáájú kí streptomycin tó dé ní àwọn ọdún 1940, ọmọ tí ikọ́ ife bá gun orí rẹ̀, kíkú ló kù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a ṣì ń gún streptomycin, ìdí àwọn ọmọ máa ń le bí pákó. Ẹ jẹ́ kí màmá jẹun.

Mi ò ní tàn ọ́ nípa ibi tí àìsàn yìí lè já sí. Nínú àwọn ọmọ tó ń gba ìtọ́jú, bí ọ̀kan nínú márùn-ún ni kì í là á já. Nínú àwọn tó yè, ju ìdajì lọ ló ń ní nǹkan kan tó kù sí wọn lára: ọwọ́, ẹsẹ̀, etí, ọ̀rọ̀ sísọ, gìrì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni wọ́n gbé débẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Èyí tí wọ́n gbé dé nígbà tó ṣì ń dá orúkọ rẹ̀ lóhùn, ọ̀nà rẹ̀ dára ju ti ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ lọ fíìfíì. Tìrẹ ń dáhùn.

Bàbá Ìbejì Aṣèrò, 10:12 alẹ́

Tí wọ́n bá ní omi ti kún orí rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ aládùúgbò wa kan, wọ́n fi ọ̀pá sí i lórí.

Nọ́ọ̀sì Àdátán, 10:20 alẹ́

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí omi ọpọlọ ń gbà jáde ló dí. Òmíràn, oògùn nìkan á tó. Òmíràn, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ awọ, látorí dé inú ikùn, kí omi máa gbabẹ̀ ṣàn. Ẹ kì í rí i níta, ẹ lè fọwọ́ kàn án lẹ́yìn etí. Ọmọ tó bá ṣì ní ibi rírọ̀ láàárín orí, ìyá rẹ̀ á rí i pé ibẹ̀ yọ gọngọ kó tó di pé dókítà sọ ọ́. Ìyá Ọbáńtokò, tìrẹ kò tíì débẹ̀, má fi ẹnu ara rẹ pè é.

Aládìrẹ Ìtòkú, oṣù kẹta, 1:15 ọ̀sán

Ìyá Ọbáńtokò, ẹ dákẹ́ o. Báwo ni?

Ìyá Ọbáńtokò, oṣù kẹta, 8:50 alẹ́

Ẹ má bínú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la lò ní ọsibítù. Gìrì mú un ní ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi pọ̀ díẹ̀ nínú orí, oògùn fà á wálẹ̀, wọn ò fi ọ̀pá sí i. Ó rìn ní ọ̀sẹ̀ keje, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ẹsẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń bá wa ṣe eré ìdárayá fún ẹsẹ̀ náà kọ́ mi, èmi náà ń ṣe é fún un nílé láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, ó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀ ti ń padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Omi" ló kọ́kọ́ dé.

Ìwúwo, 11 àti díẹ̀. Wọ́n ti fi hóró kún un.

Aládìrẹ Ìtòkú, 9:02 alẹ́

Mo ń fò nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mi rò pé orí mi ti yí. Tèmi pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ọwọ́ òsì ò tíì mú bọ́tìnnì dáadáa, àmọ́ ẹ wá wo bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Ọbáńtokò, oṣù keje, 6:25 àárọ̀

Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni. Láti ìgbà tá a ti dé ilé, màmá àti ọmọ ọmọ wọn ló jọ ń lo oògùn ní aago mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màmá á gbé tiwọn mì, ọmọ á mu ti inú ife. Màmá ló ń fi ìlà kan sára kàlẹ́ńdà fún àwọn méjèèjì. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ní màmá ti parí tiwọn, àyẹ̀wò itọ́ kò rí nǹkan kan.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mu tirẹ̀, ó gbé ife náà fún màmá, ó ní kí wọ́n mu. Wọ́n ní àwọn ti parí. Ó ní irọ́ ni. Màmá wá bu omi lásán sínú ife, wọ́n mu ún, wọ́n sì fa ìlà méjì.